Gèlè Àǹtí mi àti nọ́ńbà 7: bí mo ṣe ṣe kọ́fà magasíìnì tẹlifíṣọ̀n

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa ní kíláàsì mídíà nìyí o: ká dá soap tuntun kan sílẹ̀, ìyẹn eré tẹlifíṣọ̀n alátìgbàdégbà, tí kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n rí, ká ṣe tírélà ẹ̀, fídíò kékeré tó ń polówó ẹ̀, ká ṣe pósítà, ká sì ṣe kọ́fà magasíìnì tó ń to ètò tẹlifíṣọ̀n, kí soap wa wà lójú kọ́fà yẹn. Tírélà ti parí, àwa mẹ́ta la jọ ṣe ìyẹn, àmọ́ kọ́fà, kálukú ló máa dá tiẹ̀ ṣe. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ bó ṣe ń lọ sílẹ̀, ẹni tó bá ní irú ẹ̀ lọ́wọ́ lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ò mọ irú magasíìnì tí mò ń sọ: ní London níbí, ìwé kan wà tó jẹ́ pé gbogbo nǹkan tí tẹlifíṣọ̀n máa gbé jáde lọ́sẹ̀, láti Sátidé dé Fráídè, inú ẹ̀ ni wọ́n ń tò ó sí, ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aago tiẹ̀. Ẹ máa rí i nítòsí ibi tí wọ́n ti ń sanwó ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè ní ta ló tún ń ra ìyẹn nígbà tí fóònù wà, èmi náà ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìyá àgbà òyìnbó tó ń gbé fúláàtì ìsàlẹ̀ wa ò ní ṣe kó má rà á, tó bá wá di ti Kérésìmesì tó máa ń gbé ọ̀sẹ̀ méjì pọ̀, bírò pupa ló fi ń yí gbogbo èyí tó bá fẹ́ wò po. Àwọn ọmọ ẹ̀ tó bá wá kí i, ibi tó fi bírò yí po yẹn ni wọ́n máa wò o, kò sí àríyànjiyàn.

Kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, mo kọ́kọ́ ka ìtàn wọn, torí máàkì wà fún ìwádìí. Radio Times ló kọ́kọ́ dé, 28 September 1923, pẹ́ńsì méjì ni wọ́n ń tà á. Ohun tó fà á dùn mọ́ mi: àwọn oníwèé ìròyìn ní kí BBC máa sanwó tó bá fẹ́ kí àwọn máa tẹ ètò rédíò ẹ̀ sínú ìwé àwọn, ni BBC bá ní ó tì o, ó lọ tẹ tiẹ̀. ITV, ṣánẹ́ẹ̀lì tó ń bá BBC díje, wá dé ní 1955, òun náà gbé TVTimes wá. Látìgbà yẹn, ètò BBC nìkan lẹ máa rí nínú Radio Times, ti ITV ló wà nínú TVTimes, nígbà tí Channel 4 sì dé, ibẹ̀ náà ló bọ́ sí, kálukú di tiẹ̀ mú, ẹni tó bá fẹ́ mọ gbogbo ẹ̀ pátá á ra méjèèjì. Ó di 1 March 1991 kí òfin tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa to ètò gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì pọ̀. Ọdún yẹn náà ni What's on TV àti TV Quick jáde, TV Choice tẹ̀ lé wọn ní 1999, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í du oníbàárà nìyẹn, ta ni tiẹ̀ pọ́ọ́kú jù.

Ìtàn yìí ò sí lásán, torí ibẹ̀ ni kọ́fà wọn ti pín sí méjì. Irú ti Radio Times, àwòrán ńlá kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò pọ̀, ó ń ṣe bí nǹkan téèyàn máa tọ́jú. Ó sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀, ti Kérésìmesì 1988 nìkan, 11,220,666 ni wọ́n tà. Nígbà ìdìbò 2005 wọ́n gbé Dalek, àwọn ẹ̀rọ burúkú inú eré tẹlifíṣọ̀n Doctor Who, síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n kọ "Vote Dalek!" sí i, nígbà tó sì di 2008 òun ni wọ́n dìbò yàn pé ó dáa jù nínú gbogbo kọ́fà magasíìnì ilẹ̀ Britain. Irú kejì ni ti àwọn olówó pọ́ọ́kú: pupa, yẹ́lò, ojú èèyàn bíi mẹ́fà lórí kọ́fà kan, iye owó ẹ̀ gàdàgbà, àmì ìyanu níbi gbogbo, ẹ̀yin ẹ ṣá ti wò ó. Àwọn ọmọ kíláàsì wa máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò bá wọn ṣe é o, torí nígbà tí mo jókòó tì í tí mo wò ó dáadáa, kò síbi tó ṣòfò lórí ẹ̀, gbogbo igun ló ń tajà.

Ibẹ̀ ni mo ti mú nǹkan tí mo di mú títí dé òpin: kọ́fà kì í ṣe pósítà. Pósítà, soap mi nìkan ló ń tà. Kọ́fà, ọ̀sẹ̀ kan odindi ló ń tà, soap mi kàn jẹ́ ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ni. Ẹni tí kò fẹ́ràn soap rárá gbọ́dọ̀ rí nǹkan kan níbẹ̀ tó máa jẹ́ kó mú owó jáde. Ẹ lọ wo kọ́fà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, púpọ̀ nínú wọn pósítà ni, wọ́n kàn lẹ barcode, àwọn ìlà dúdú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kà níbi ìsanwó, mọ́ ọn lára.

Torí pé àwọn tó fẹ́ràn soap, magasíìnì olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń rà, tí Radio Times kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbé soap síwájú, mo mú ẹ̀yìn àwọn olówó pọ́ọ́kú. Àmọ́ mo fi àwòrán ńlá kan sáàárín, mi ò kó ojú jọ, nítorí soap tuntun ni, kò sẹ́ni tó tíì mọ ojú ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀. Ojú mẹ́fà téèyàn ò mọ̀ rí kò lè ta nǹkan kan.

Orúkọ soap wa ni Tanner Row. Ẹ wò ó, orúkọ ibi tàbí àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn láti fi sọ soap níbí, Coronation Street tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960, EastEnders ní 1985, Brookside, Emmerdale. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ọjà kékeré kan ni ní gúúsù London, ìdílé Yorùbá kan ń ta iṣu, ata, ẹja gbígbẹ lápá kan, ìdílé òyìnbó kan tó ń ta aṣọ kọ́tìnnì kọjú sí wọn, ọmọkùnrin tibí àti ọmọbìnrin tọ̀hún wá fẹ́ràn ara wọn. Ẹ ti mọ èyí tó kù.

Magasíìnì náà, 7 NIGHTS ni mo pè é. Mo kọ́kọ́ kọ orúkọ bíi mélòó kan sílẹ̀, èyí tó bá ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀ mo pa á rẹ́. Nọ́ńbà 7 yẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀, torí èèyàn lè fà á tóbi kó dá dúró, kí wọ́n sì dá a mọ̀ láti òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ wá kan fọ́tò. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ló ṣe ìyá ọkọ nínú tírélà wa, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ju àwa tá a kọ eré lọ. Ohun tí mo ní lọ́kàn fún kọ́fà ni pé kí wọ́n wọ aṣọ ọjà, ápúrọ̀ǹ, kí wọ́n fi síkáàfù wé orí, bí wọ́n ṣe rí nínú tírélà gan-an. Sátidé tí wọ́n máa wá, báàgì ńlá méjì ni wọ́n gbé wọlé, léèsì funfun, sẹ́gò aláwọ̀ búlúù tó ń dán yinrin, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn.

Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọjà lẹ wà nínú eré yìí o."

Wọ́n ní, "Ọjà kẹ̀? Àwọn tó ń tajà kì í lọ òde ni? Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ gbé mi sójú ìwé kí gbogbo London máa wò mí, o wá ní kí n wé síkáàfù. Kí ìyá ẹ rí i kó wá bi mí pé ṣé gèlè mi jóná ni?"

Mo fẹ́ bá wọn jiyàn, mo wá dákẹ́, torí òótọ́ ló wà nínú ohun tí wọ́n sọ. Ọ̀sẹ̀ wo ni magasíìnì TV máa ń gbé soap síwájú jù? Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó. Ìgbéyàwó inú soap kì í lọ wọ́ọ́rọ́, ẹnìkan á sá, ẹnìkan á ṣubú, ẹnìkan tí wọ́n ti sin á tún wọlé. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó ni kọ́fà mi ń tà, ìyá ọkọ tó wé gèlè tó ká apá gbera, tí kò rẹ́rìn-ín, ti sọ gbogbo ìtàn kí wọ́n tó ka ọ̀rọ̀ kankan. Bí wọ́n ṣe yí kọ́fà yẹn pa dà mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn o, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé tí mo fún tíṣà pé ẹni tó ṣeré ló dá a lábàá.

Pálọ̀ wa la ti ya fọ́tò náà. Kámẹ́rà Canon ti kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, megapixel 24, mi ò lo fíláàṣì rárá. Wíńdò wa tóbi, kọ́tìnnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà lójú ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ wọlé rọ̀ dáadáa, mo ní kí wọ́n dúró kí wíńdò wà lápá òsì wọn, mo sì fi béèdíṣíìtì funfun kọ́ sórí àga lápá ọ̀tún kó máa dá ìmọ́lẹ̀ pa dà sójú wọn. Bí mo ṣe to kámẹ́rà nìyí: F/5.6, 1/125, ISO 400.

Ibi tó gba sùúrù ni awọ ara. Kámẹ́rà tẹ́ ẹ bá fi sí ọ́tò, ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan tó wà níwájú ẹ̀ papọ̀ di àwọ̀ eérú àárín, kò mọ̀ pé Àǹtí mi dúdú, léèsì wọn sì funfun báláú. Bó bá ti rí léèsì funfun yẹn, á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú Àǹtí á wá ṣókùnkùn, ẹyin ojú àti eyín nìkan lẹ máa rí. Torí náà mo yí i sí spot, kó lè jẹ́ ojú ibi kékeré kan ló ti máa wọn ìmọ́lẹ̀, mo gbé ojú kámẹ́rà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ibẹ̀ ni mo ti wọn ìmọ́lẹ̀, mo wá ń wo histogram, àwòrán tó ń fi hàn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó nínú fọ́tò, kí léèsì má bàa lọ pátápátá. Àǹtí fẹ́ fi páúdà pa gbogbo dídán iwájú orí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀, torí lára awọ dúdú, ibi tó ń dán yẹn gan-an ló ń fi hàn bí egungun ojú ṣe rí, tẹ́ ẹ bá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ ojú á kàn tẹ́ pẹrẹsẹ.

Nígbà tí mo gbé fọ́tò han àwọn ọmọ gúrúùpù wa, ọ̀kan nínú wọn ní kí n mú ojú wọn mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, pé á "jáde" dáadáa. Mo ní rárá o, Àǹtí mi ò bóra láyé wọn, GIMP tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà kọ́ ló máa wá bó wọn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wá àwọ̀ tó máa bá dúdú wọn mu sẹ́yìn wọn. Yẹ́lò ni. Dúdú lórí yẹ́lò, búlúù gèlè, funfun léèsì, kí orúkọ magasíìnì jẹ́ pupa: àwọ̀ olówó pọ́ọ́kú náà nìyẹn, mi ò tiẹ̀ fipá mú un rárá.

Gígé wọn kúrò lára ògiri, mo bẹ̀rù ẹ̀ tẹ́lẹ̀ torí gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé irun ló ń dààmú wọn. Gèlè wá gbà mí. Sẹ́gò le, etí ẹ̀ mú bérébéré, mo kàn mú Paths tool, irinṣẹ́ tó ń fa ìlà yí nǹkan ká nínú GIMP, mo tọ̀ ọ́ yí ká, ìkọ́ sí ìkọ́. Léèsì ló fojú mi rí màbo, torí ó ní ihò, ògiri kíríìmù wa sì ń yọjú nínú gbogbo ihò yẹn. Mo ní láti mú apá ibi tí léèsì wà sọ́tọ̀ sórí léyà tiẹ̀, mo yọ ògiri nínú ihò tó tóbi, àwọn kéékèèké mo fi brọ́ọ̀ṣì kun yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́ sí i. Tẹ́ ẹ bá máa ya ẹni tó wọ léèsì tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀yìn, ẹ yáa gbé pépà tàbí aṣọ tó ní àwọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lò gan-an sẹ́yìn wọn kẹ́ ẹ tó tẹ kámẹ́rà.

Ní ti ìwọ̀n: A4 ni, 210 ní 297 mílímítà, mo wá fi mílímítà 3 kún un ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ fún ibi tí wọ́n máa gé, ó di 216 ní 303, ní 300 dpi (píkísẹ́ẹ̀lì 300 nínú ínǹṣì kan) ìyẹn jẹ́ 2551 ní 3579 píkísẹ́ẹ̀lì. Fọ́tò kámẹ́rà tẹ́ ẹ bá gbé e dúró jẹ́ 4000 ní 6000, ó ga tẹ́ẹ́rẹ́ ju A4 lọ, torí náà nǹkan bí irínwó píkísẹ́ẹ̀lì ló máa lọ lókè tàbí nísàlẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè orí ẹni tẹ́ ẹ bá ń yà.

Àyè lókè orí. Ibẹ̀ ni ogun wà.

Ẹni tí kò wé gèlè, orí ẹ̀ á gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ kọ́fà, masthead, ìyẹn orúkọ magasíìnì, á wà lókè, orí á kàn yọ díẹ̀ lé e, ó parí. Gèlè Àǹtí mi gba ju ìlàjì fífẹ̀ kọ́fà lọ, ó sì tún nà sókè. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé wọn sáàárín, tí mo kọ 7 NIGHTS láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, 7 wà, S wà, gbogbo èyí tó kù wọnú gèlè. Magasíìnì tó ti lókìkí lè ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á bo ìlàjì orúkọ wọn, ẹ ó ṣì mọ̀ wọ́n torí ojú yín ti mọ́ ọn. Tèmi, àná ni wọ́n bí i, wọn ò lè bo orúkọ ẹ̀. Tí mo bá sì gbé gèlè sẹ́yìn lẹ́tà, ó dà bíi pé wọ́n fi pátákó kan Àǹtí lórí.

Ọgbọ́n méjì ló wà nílẹ̀, kí n dín wọn kù tàbí kí n gbé orúkọ kúrò láàárín. Tí mo bá dín wọn kù, ojú wọn á kéré, ojú yẹn ló sì ń tajà, torí náà orúkọ ló máa lọ. Mo wá rántí nǹkan tí tíṣà sọ nípa ṣẹ́ẹ̀fù: wọ́n máa ń to magasíìnì lé ara wọn, ìdá kan nínú mẹ́ta lápá òsì nìkan ló máa ń yọjú. Ìyẹn tán ìṣòro. Mo fi 7 sí igun òsì lókè, ó tóbi tó fi jẹ́ pé ó ga tó sẹ̀ǹtímítà méje, pupa, mo fi láìnì funfun yí i ká, NIGHTS wá wà lábẹ́ ẹ̀ ní lẹ́tà kéékèèké tó fẹ̀ tó 7 gẹ́lẹ́, wọ́n jọ di bọ́tìnnì kan. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lókè wá ṣófo fún gèlè.

Àmọ́ nínú fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù, apá òsì ni abẹ̀bẹ̀ gèlè na sí, ọ̀gangan ibi tí 7 wà. Ọmọ gúrúùpù wa ní kí n yí fọ́tò náà bíi ti inú dígí, tíkì kan péré. Mo ṣe é, mo fi han Àǹtí lórí WhatsApp, wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀: "Ta nìyí? Àmì tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi ti sá lọ sódìkejì. Èmi kọ́ nìyí o." Ó tán. Mo pa dà sínú àwọn fọ́tò tó kù, mo rí ọ̀kan tí wọ́n ti yí ara díẹ̀, tí gèlè wá dà sápá ọ̀tún, ojú wọn níbẹ̀ sì tún le ju ti ìṣáájú lọ, ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ tó na ọwọ́ òsì gba owó. Ìyẹn ni mo lò. Etí gèlè kàn fara kan igun 7 fẹ́ẹ́rẹ́, mo jẹ́ kó wà níwájú ẹ̀ níbẹ̀ kí kọ́fà lè ní jíjìn.

Ọ̀rọ̀ orí kọ́fà, gẹ̀ẹ́sì ni torí àwọn tó máa rà á. Èyí tó tóbi jù lọ ni "NOT MY SON!", nísàlẹ̀ àyà Àǹtí, funfun lórí ìgbànú pupa, lábẹ́ ẹ̀ ni "Wedding war on Tanner Row" wà. Mo gbìyànjú gbólóhùn tó gùn, tó ń ṣàlàyé ìdílé méjèèjì, mo pa á rẹ́, ẹni tó ń ti tírọ́lì kọjá ò ráyè. Lápá òsì, mo fi ètò mẹ́ta mìíràn sí i, èyí tí mo dá sílẹ̀ fúnra mi: ètò oúnjẹ kan, eré ọlọ́pàá kan, àti ìdíje orin. Ìkọ̀ọ̀kan ní fọ́tò tín-ín-rín tiẹ̀, mo ya ti oúnjẹ nínú kíṣìnnì wa, ti ọlọ́pàá jẹ́ bàbá ọ̀rẹ́ mi tó wọ kóòtù òjò. Lókè pátápátá, láìnì kan nípa ojú ìwé àwọn àdììtú ọ̀rọ̀, torí ọ̀pọ̀ ń ra magasíìnì yìí nítorí crossword, ẹ má ṣe fojú kéré ẹ̀.

Mo fẹ́ kí Yorùbá wà níbẹ̀ díẹ̀ ṣá, kí àwọn tiwa tó bá rí i lè mọ̀ pé wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo fi "Ẹ kú ìnáwó o!" sínú róbótó yẹ́lò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gèlè. Fọ́ǹtì tí mo ń lò ní Ẹ, ó ní àmì ohùn orí gbogbo ẹ̀, nítorí àwọn ará Vietnam náà ń fi àmì sí i lábẹ́ àti lókè, fọ́ǹtì tó bá ṣiṣẹ́ fún wọn máa ń ṣe dáadáa fún wa. Ibi tó ti kọsẹ̀ ni Ṣ, àwọn yẹn ò ní in. Orúkọ ìyá ọkọ nínú eré ni Mama Ṣadé, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, Ṣ yẹn nìkan yọ ní fọ́ǹtì mìíràn, tín-ín-rín, láàárín àwọn alágbára. Mo kọ S lásán, mo wá mú àmì ìdádúró látinú fọ́ǹtì kan náà mo gbé e sábẹ́ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

Déètì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, mo rí kọ́fà akẹ́kọ̀ọ́ kan tó kọ Wẹ́sìdé sí Túsìdé, gbogbo iṣẹ́ tó ṣe ló bà á jẹ́ fún mi. Tèmi ni 14–20 March 2026. Iye owó, 99p, nínú róbótó, ó hàn.

Barcode, ẹ má ṣe wá ti ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ti magasíìnì, 977 ló fi ń bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́tàlá ló jẹ́, èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n fi ń yẹ èyí tó kù wò. Mo fi òdo kún gbogbo àárín kó má bàa jẹ́ ti ẹnikẹ́ni, mo wá ṣírò ti ìkẹyìn: ẹ mú ti àkọ́kọ́ bó ṣe wà, ẹ sọ ìkejì di ìlọ́po mẹ́ta, ẹ mú ìkẹta bó ṣe wà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, 9 àti 21 àti 7 jẹ́ 37, ó ku 3 kó tó di 40, torí náà 3 ló gbẹ̀yìn, 9770000000003. Ìwọ̀n ẹ̀ tó péye jẹ́ 37.29 ní 25.93 mílímítà, funfun gbọ́dọ̀ yí i ká. Igun ọ̀tún nísàlẹ̀ ni mo fi í sí, kò fọwọ́ kan ọwọ́ Àǹtí tí wọ́n ká gbera.

Fọ́tò nìkan ni mo ṣe nínú GIMP, ọ̀rọ̀ àti gbogbo ètò ojú ìwé, Scribus ni, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ìdí tí mo fi pín in ni pé Scribus mọ CMYK, ìyẹn àwọ̀ íńkì mẹ́rin ti ìtẹ̀wé, dáadáa, ó sì máa fi mílímítà 3 yẹn sínú PDF láìsí wàhálà.

CMYK yẹn náà ló mú búlúù gèlè lọ. Lójú kọ̀ǹpútà, búlúù tó ń tàn ni, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ó ti di àlùkò, Àǹtí sì ti sọ fún mi iye tí wọ́n ra sẹ́gò yẹn. Íńkì mẹ́rin tí wọ́n fi ń tẹ̀wé ò lè mú irú búlúù yẹn jáde bó ṣe rí lójú gíláàsì, ó máa ń fi magenta, íńkì tó pọ́n, kún un, àlùkò ló ń dà. Àtúnṣe ẹ̀ ni kí magenta kéré sí cyan, íńkì aláwọ̀ búlúù, dáadáa, ó kéré tán kí nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún wà láàárín wọn. Mo mú gèlè nìkan, mo fa magenta wálẹ̀ títí cyan fi wà ní 100 tí magenta sì wà ní 65 níbi tó mọ́lẹ̀. Kò tàn bíi ti ojú kọ̀ǹpútà, àmọ́ búlúù ni, wọn ò ní pè é ní nǹkan mìíràn.

Mo mú ẹ̀dà tí mo tẹ̀ lọ bá ìyá àgbà ìsàlẹ̀, torí òun gan-an ni oníbàárà, máàkì sì wà fún èsì àwọn tó ń rà á. Mo to ó sáàárín magasíìnì tiẹ̀ méjì lórí tábìlì, mo ní kó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn kó sọ ohun tó rí. Ó rí 7. Ó rí gèlè, ó ní fìlà tó dára ni, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá bi mí pé ọjọ́ wo ni ìgbéyàwó náà, aago mélòó, ṣánẹ́ẹ̀lì wo? Mi ò tíì kọ ìyẹn síbì kankan. Tíṣà ò rí i, àwa mẹ́ta ò rí i, ẹni tó ń fi bírò yí nǹkan po ló rí i. "Monday, 8pm" ti wà lábẹ́ "NOT MY SON!" báyìí, mo sì ya àmì ṣánẹ́ẹ̀lì kékeré kan tí mo dá sílẹ̀ sí i.

Fáìlì ti wà lọ́dọ̀ tíṣà. Pósítà ló kù, A3 nìyẹn, 3508 ní 4961 ní 300 dpi, fọ́tò kan náà ṣì tó o láìfẹ̀ ẹ́. Níbẹ̀, kò sí masthead, kò sí barcode, kò sí crossword, Àǹtí àti orúkọ soap àti déètì nìkan, mo sì ti sọ fún wọn pé gèlè máa wà lódindi.